Ìrìn Ọjọ́ Kan



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ ìjọba lórí òkè yìí máa bi ara wa láti ìgbà dé ìgbà. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ibi mímọ́ kan tí ó jìnnà réré, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ni ìrìn ọjọ́ kan náà já mọ́? Ṣé ọjọ́ náà ní iye tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run, àbí kò ní iye kankan àfi bí ẹni náà bá dé ibi tí ó dágbére? Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní iṣẹ́ ṣe nìyí. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Du níhìn-ín ni ó ń gbé bí ẹni tí kò tí ì dé.

Kí a má ba à máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà kan tí ó wà ní tòótọ́. Lóde òní, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń gbé àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa lọ sí Mẹ́kà, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà ọkọ̀ òfuurufú, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn. Wọn a kúrò ní Kano, wọn a kọjú sí ìlà oòrùn títí wọn yóò fi la ilẹ̀ Borno já. Wọn a gba gúúsù adágún Chad kọjá lọ sí Abéché ní ilẹ̀ Wadai. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ Darfur, níbi tí El Geneina àti El Fasher wà, ìlú méjì tí a gbọ́ orúkọ wọn púpọ̀ nínú ìròyìn ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Láti Darfur wọn a dé Kordofan, láti Kordofan wọn a dé odò Náílì, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò tó dé etí Òkun Pupa, ní Suakin tàbí ní Port Sudan, kí wọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jeddah. Láti Kano dé etí òkun yẹn ju 3,000 kìlómítà lọ. Mansa Musa, ọba Mali, lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ṣùgbọ́n ọ̀nà aṣálẹ̀ tí ó lọ sí Cairo ni òun gbà, pẹ̀lú ràkúnmí àti wúrà. Ọ̀nà tí à ń sọ yìí ni èyí tí àwọn mẹ̀kúnnù gbà, àwọn tí kò ní ju ẹrù orí, agbè omi àti ọmọ ẹ̀yìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà náà. Wọn a jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a kírun, wọn a di ẹrù, wọn a sì rìn nígbà tí ara ilẹ̀ ṣì tutù. Bí oòrùn bá kan àtàrí, wọn a wá ibòji sinmi sí. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, wọn a tún gbéra. Omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ní àwọn apá kan Kordofan, kò sí odò tí ènìyàn lè bù mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n a gbẹ́ inú igi oṣè ńlá, wọn a sì rọ omi òjò sínú rẹ̀ nígbà òjò, kí wọn lè máa rí omi mu nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Igi náà ní olówó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kànga ti ní olówó rẹ̀. Nítorí náà, arìnrìnàjò tí òùngbẹ gbé dé ìdí igi náà, omi tí ẹlòmíràn ti fi pamọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn ni ó ń mu, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì mọ̀ pé yóò wá.

Ní ìdí igi oṣè yẹn, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Mẹ́kà kò tí ì sí níbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ṣé arìnrìnàjò yìí tọrọ omi ni tàbí ó jí i, ṣé ó san ohun tí wọ́n ní kí ó san, ṣé ó bù ú níwọ̀n tàbí ó dà á nù, ṣé ó rántí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Kò lè sún un síwájú títí yóò fi dé Mẹ́kà.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ó ṣí ojú mi sí ọ̀ràn yìí. Bí ènìyàn bá ń rin kìlómítà 25 lójúmọ́, 3,000 kìlómítà kò ju ọjọ́ 120 lọ, èyí tíí ṣe oṣù mẹ́rin. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi lo ọdún púpọ̀? Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ wọn wúwo. Oúnjẹ ni ó ń tán, owó ni ó ń tán, aya ni ó ń bímọ, ara ni kò ń yá. Nítorí náà wọn a dúró. Wọn a bá olóko ro oko, wọn a pọn omi tà, wọn a ṣẹ́ igi ìdáná tà, ẹni tí ó mọ̀wé nínú wọn a kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Bí wọ́n bá rí díẹ̀ kó jọ, wọn a tún gbéra. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Sennar lórí odò Náílì Aláwọ̀ Aró ní 1925, tí oko òwú ńlá ti Gezira sì bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà tàbí tí ń bọ̀ láti Mẹ́kà yìí wà nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ jùlọ nínú oko náà. A bí ọmọ lójú ọ̀nà, a fẹ́ ìyàwó lójú ọ̀nà, a sì sin òkú lójú ọ̀nà. Àwọn ará Sudan ń pè wọ́n ní Fellata tàbí Takarir, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì di ará Sudan.

Ìlú kan wà lẹ́bàá Sennar tí ó ń jẹ́ Maiurno. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Sókótó ní oṣù kẹta ọdún 1903, Sultan Attahiru Kìn-ín-ní kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n pa á lójú ìjà ní Burmi, èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Gombe lónìí, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mai Wurno kó àwọn tí ó ṣẹ́kù lọ síwájú. Etí odò Náílì ni wọ́n tẹ̀dó sí, orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà sì ń jẹ́ títí di òní. Wọn kò sí ní Sókótó mọ́, ìlú wọn kò sì sí ní Mẹ́kà. Ṣé a ó pe irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìlú àwọn tí kò rọ́nà lọ?

Ayé kò ṣòro láti dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí ẹni tí ó dé ni ayé ń fi oyè fún. Ẹni tí ó dé Mẹ́kà ni à ń pè ní Àlàájì tàbí Àlàájà. Nínú àwa Kristẹni pàápàá, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Jerúsálẹ́mù fún ọjọ́ díẹ̀ a máa fi J.P. sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rìn fún ọdún méjì tí ó kú sí El Fasher, kò sí lẹ́tà kankan tí ó wà lẹ́yìn orúkọ tirẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn kò rí bí ojú ayé ti rí. Wọ́n ń kọ́ni pé ẹni tí ó bá ní agbára àtilọ ni ìrìnàjò yìí jẹ́ dandan fún, àti pé ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run tí ikú sì bá a lójú ọ̀nà, owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ibi tí à ń lọ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú." Òtítọ́ ni. Bí kò bá sí Mẹ́kà, ta ni ìbá kúrò ní Kano kọjú sí ìlà oòrùn? Ibi tí à ń lọ ni ó ń sọ fún wa apá ibi tí a ó kọjú sí lówùúrọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ, ìrìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ tí ó já okùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ń tọ́ka ọ̀nà fún ọjọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ń dá ọjọ́ lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì ni a sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní rẹ́ olómi jẹ ní ìdí igi oṣè, ó sì fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá sílẹ̀ lábẹ́ igi nítorí pé ó ń fa òun sẹ́yìn. Ó dé Mẹ́kà, ó padà sílé, wọ́n lu ìlù fún un. Èkejì dúró ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abéché títí ẹlẹgbẹ́ náà fi kú. Owó rẹ̀ tán, ó di alágbàro, ọjọ́ lọ, agbára lọ, kò sì dé. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó lọ sí ibi mímọ́? Ọkàn olúkúlùkù wa ti dáhùn.

Àmọ́ kí a má ṣe yára pàtẹ́wọ́. Ọ̀lẹ kan lè gbọ́ ìtàn yìí kí ó sì fi bojú. Yóò ní nítorí ọmọnìkejì ni òun kò ṣe lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé oorun ni kò jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ogún ènìyàn bá jọ ń lọ, tí omi tí ó kù kò sì ju ti ọjọ́ kan lọ, bí gbogbo wọn bá dúró ti aláìsàn kan, gbogbo wọn lè kú. Nígbà mìíràn, lílọ ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn yóò bá lọ, gbèsè ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn wọn: kí wọn gbé aláìsàn náà dé abúlé tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jùlọ bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọn fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí wọn sì sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ fún onílé. Ohun tí mo ń wí ni pé bóyá a dúró, bóyá a lọ, ìdí tí a ó fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lónìí. Kí a má ṣe wí pé, "Mẹ́kà ni mo ń lọ," kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Orúkọ ibi mímọ́ kò lè wẹ ọwọ́ ẹni tí ó fi ènìyàn sílẹ̀ láìnídìí.

Ìwé Mímọ́ tiwa fi irú ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ hàn wá nínú orí kejì Ìhìnrere Lúùkù. Jósẹ́fù àti Màríà lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́dọọdún. Láti Násárétì dé ibẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn pẹ̀lú àwọn ará ìlú wọn. Wọ́n ṣe àjọ náà parí, wọn kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kankan. Wọ́n mú ọ̀nà ilé pọ̀n, ọ̀nà tí ó tọ́ sì ni. Wọ́n rin ìrìn ọjọ́ kan, wọ́n rò pé ọmọ ọdún méjìlá náà wà láàrin ẹgbẹ́ èrò. Alẹ́ ni wọ́n tó wá a láàrin àwọn ìbátan tí wọn kò rí i. Ẹ kíyè sí ìrìn ọjọ́ kan yìí. Àjọ tí wọ́n ti ṣe kò lè dí àlàfo ọmọ náà. Ilé tí wọ́n ń lọ kò lè dí i. Nítorí náà wọ́n padà sẹ́yìn, ó sì di ọjọ́ kẹta kí wọn tó rí i. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọjọ́ tí wọ́n fi padà sẹ́yìn kò sí lára ìrìnàjò náà. Lójú tèmi, ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni a fi mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Àwọn baba wa ní, ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí kọ́ra láti má ka ọjà sí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín, ní ọjà Bukuru, tí ó lè sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má bínú pé mudu yìí kò kún, ilé ni mo ń lọ ní ìrọ̀lẹ́"? Gbogbo ẹni tí ó wà lọ́jà ni ó ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí pé a ó lọ sílé ni mudu fi gbọ́dọ̀ kún, nítorí kò sí ìgbà mìíràn tí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ní 1914 ni ojú irin kékeré tí ó wá láti Zaria dé Jos. Tánganran, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní kuza, àti òwò tí ó tẹ̀lé e, ni ó fa ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gòkè wá, láti Ogbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin àti ibòmíràn. Kò sí ẹni tí ó sọ ní ibùdókọ̀ pé òun ń lọ gbó sí òkè. Ọdún mẹ́ta ni a wí, ó di mẹ́wàá, ó di ọgbọ̀n. Láàrin gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan ni ó ń ti ẹnu wa jáde: "Bí mo bá padà délé." Bí mo bá padà délé, n ó sinmi. Bí mo bá padà délé, n ó ṣe ẹgbẹ́, n ó ran aládùúgbò lọ́wọ́, n ó jókòó ti àwọn ọmọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba a ní bí òun bá fẹ̀yìntì. Nígbà náà, ìwé opó kan wà lórí tábìlì rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kò sì lè bá a fọwọ́ sí i.

Ilé tí à ń kọ́ sílé kò burú. Ẹni tí kò rántí orísun rẹ̀ ti sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn Berom tí wọ́n ni ilẹ̀ Du ń jí lójoojúmọ́, wọ́n ń rí wa. Ẹlòmíràn nínú wa ti lo ogún ọdún lẹ́bàá ọgbà ẹlẹ́gùn-ún aládùúgbò rẹ̀, kò mọ bí a ti ń kí i ní èdè rẹ̀, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí a bá bi í, yóò ní àlejò ni òun, òun kò ní pẹ́ lọ. Ní 2001, ní 2008 àti ní 2010, wàhálà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ níbi tí o ń lọ. Ohun tí wọn yóò wò ni bóyá wọ́n mọ̀ ọ́.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí a bí ní Darfur fún àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà, Darfur kì í ṣe ojú ọ̀nà lójú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tí a bí fún wa ní Du. Ohun tí a pè ní ibùsọ̀ ni àwọn ń pè ní ilé. Bí a bá gbé níhìn-ín bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà ní dídì, kí ni a ń kọ́ wọn? Ọmọ tí ó gbọ́ lójoojúmọ́ pé ibi tí òun wà kò ṣe pàtàkì, bó pẹ́ bó yá, yóò rò pé òun náà kò ṣe pàtàkì.

Iṣẹ́ akọ̀wé jẹ́ kí n máa rí ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ. Ohun tí a ń kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: ọjọ́ tí ẹnì kan dé àti ibi tí ó ti wá, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí ó gba ìwé lọ sí ìjọ mìíràn, tàbí ọjọ́ tí a sin ín. Láàrin dídé àti lílọ, àyè funfun díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, tí a kò kọ nǹkan kan sí. Gbogbo ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àyè funfun yẹn. Akọ̀wé kò lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n a ń kọ ọ́ ní ibòmíràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa kọjú sí ilé, kí a sì máa rìn bí ẹni tí ó mọ̀ pé òní kì í ṣe owó tí a fi ń ra ọ̀la. Kí oníṣòwò kún mudu rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀, kí a mọ orúkọ ẹni tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, kí a sì ka àwọn ọmọ wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá dé ibi tí a dágbére, ọpẹ́ ni. Bí a kò bá sì dé, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá omi nínú igi.

Akọ̀wé Ìjọ